Gbogbo Ewé Òkè Wa Wà Lẹ́yìn Ṣáláńgá Baálẹ̀

Abúlé Solgol,
Lẹ́sẹ̀ Òkè Maebong.
Oṣù kẹfà, ọjọ́ kejì lẹ́yìn òjò.

Hae-ran, ọmọ mi, àkọ́bí mi,

Ṣé o jí dáadáa, ṣé o sì ti jẹun kí o tó ṣí lẹ́tà yìí? Bí o kò bá tíì jẹun, gbé e kalẹ̀, lọ bu ìrẹsì sínú abọ́ kí o jẹ ẹ́ tán, torí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gùn, kò sì yẹ kí ènìyàn fi ikùn òfìfo gbọ́ ọ. Èmi àti bàbá rẹ wà, à ń jẹ, à ń mu, a sì ń bá ara wa jà níwọ̀nba. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Kò fi ẹnu sọ ọ́ o, o mọ irú ẹni tó jẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní ìwọ ni mò ń kọ̀wé sí, ó wúkọ́, ó sì gbé àga mi sún mọ́ ojú fèrèsé. Àdúrà mi ni pé kí àwọn baba ńlá rẹ tí wọ́n sùn sórí òkè yìí máa ṣọ́ ọ ní ìlú Daejeon níbẹ̀, bí wọ́n bá mọ ọ̀nà. Bí wọn kò bá mọ ọ̀nà, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ awakọ̀.

Ilé ò burú. Ajá wa ti bímọ, mẹ́rin dúdú, ọ̀kan pupa, a ò sì béèrè ẹni tó ni pupa. Ọmọ báǹkì tó máa ń kọ̀wé sí mi lórí fóònù tún kí mi kú ọjọ́ ìbí lọ́dún yìí. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, kò gbàgbé rí, kò dà bí àwọn kan tí mo lóyún wọn. Mo dá a lóhùn, mo dúpẹ́, mo bi í bóyá ó ti lọ́kọ, kò sì fèsì títí di òní. Bí o bá ya báǹkì náà ní ọ̀dọ̀ yín, bá mi bẹ̀ ẹ́, sọ pé mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mo ń kọ̀wé nígbà tí fóònù wà. Lórí fóònù o máa ń já lu ọ̀rọ̀ mi. Lẹ́tà ni kò sẹ́ni tó lè já lù ú. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ, Dókítà Pyo, tó wá bá wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, ni mo fẹ́ sọ, mo sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ látẹnu mi kí o tó gbọ́ ọ látẹnu ẹlòmíràn, pàápàá ọ̀rọ̀ ọ̀rá dúdú.

Má rò pé mi ò mọ iṣẹ́ tí ò ń ṣe. Ẹ kó orúkọ gbogbo ewé tí ẹnu ń jẹ jọ sínú kọ̀ǹpútà ńlá kan, ẹ kó gbogbo àìsàn ọmọ ènìyàn jọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kọ̀ǹpútà á wá máa wo èyí tó bá èyí mu. Alárinà ni. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ará ibí nìyẹn, pé ọmọ mi ń tọ́jú alárinà kan ní Daejeon tó ń fi ewé fún àìsàn bí ẹni ń fi ìyàwó fún ọkọ. Ohun kan ṣoṣo tí kò tíì yé mi ni bí ẹ ṣe ń ṣe é tí ewé náà kì í fi í jẹrà níbẹ̀. Mo ronú títí, mo ní fíríìjì ni yóò wà lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe di ẹrù ewé kan fún kọ̀ǹpútà náà nígbà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín wá, mo ti bọ̀ ọ́, mo ti fún omi rẹ̀, kí ó má bàa yọ wọ́n lẹ́nu. Ọmọbìnrin tó gbà á ní kọ̀ǹpútà dúpẹ́. Ṣé ó jẹ ẹ́?

Ṣùgbọ́n alárinà, Hae-ran, ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí. Èyí tó mú mi wá fún bàbá rẹ sọ fún wa pé ọkùnrin náà ní màlúù méjì, eyín rẹ̀ sì pé. Ìgbà tí mo délé ọkọ ni mo rí i pé màlúù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, eyín náà ò sì kúkú pé. Mo bá alárinà náà jà, ó ní kí ló kan òun, ohun tí ẹbí ọkọ sọ fún òun lòun sọ. Òótọ́ ló sọ. Alárinà kì í parọ́ bí ẹbí ò bá kọ́kọ́ parọ́ fún un. Rántí ọ̀rọ̀ yìí, mo ń bọ̀ wá bá a.

Nígbà tí yìnyín yọ́ tán tí gomchwi, ewé orí òkè tí a ń jẹ, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń na etí sókè ni àwọn ọmọ iṣẹ́ yín dé, ọmọkùnrin kan tó ń wakọ̀ àti ọmọbìnrin kan tó gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ dání. Wọ́n jókòó sí gbọ̀ngàn abúlé, níbi tí àwa àgbà ti ń ta káàdì, wọ́n ní kí a máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan sí yàrá ẹ̀gbẹ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ wọlé torí pé èmi ni ìyá rẹ. Ọmọbìnrin náà ní kí òun tó bi mí ní nǹkan kan, ṣé mo gbà kí wọ́n kó ìmọ̀ mi pamọ́. Mo ní kò burú, kí wọ́n kó o pamọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n dá a padà kí àsìkò tí a ń fi ewé rírẹ ṣe kimchi tó dé, torí pé mo máa lò ó. Ó wò mí, ó tẹ nǹkan kan lórí ẹ̀rọ, ó ní ó ti gbọ́.

Ó bi mí bí mo ṣe ń se gomchwi, mo sọ ọ́ fún un dáadáa, bí a ṣe ń jẹ èyí tó ṣì rọ̀ ní tútù, tí a fi ń di ìrẹsì àti ẹ̀wà sóyà gígún, bí a ṣe ń rẹ èyí tó ti le sínú omi iyọ̀, bí a ṣe ń fi ááyù àti òróró yànmọ̀tí ro ó. Ọ̀rọ̀ dùn. Ó wá bi mí pé níbo ni mo ti ń já a.

Hae-ran, ìwọ tí wọ́n bí síbí, tí o mu omi ibí, o jẹ́ kí wọ́n gbé irú ìbéèrè yìí wá sí Solgol! O mọ̀ pé ibi tí ènìyàn ti ń já ewé, a kì í sọ ọ́ fún aládùúgbò, a kì í sọ ọ́ fún ọkọ, ọmọ pàápàá, ó di ọjọ́ tí ikú bá jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Bí ìyá bàbá rẹ ṣe fi tirẹ̀ lé mi lọ́wọ́ nìyẹn, ó dùbúlẹ̀, kò lè gbé ọwọ́ mọ́, ó ń fi ẹnu júwe òkúta àti igi fún mi, ó sì ń da ọ̀tún pọ̀ mọ́ òsì. Ó gbà mí ní ọdún méjì kí n tó rí ibẹ̀. Ìyá Gil-su, ará òdìkejì ọ̀nà wa, tó ti gbé etí lé ilẹ̀kùn, kò tilẹ̀ jẹ́ kí n jáde kí ó tó bẹ̀rẹ̀ pé ẹ wá wo ayé o, ọmọ Ìyá Hae-ran ti ń béèrè ibi ewé, ṣé aṣọ òkú ìyá rẹ̀ ti wà nínú àpótí ni, àbí ó ń kánjú lọ síbì kan. Ó dùn mí. Ẹnu rẹ̀ ò ní gbèdéke, o mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà mo dá ọmọbìnrin náà lóhùn pé ẹ̀yìn ṣáláńgá Baálẹ̀ Tak ni gomchwi mi ń hù. Ibi tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn nìyẹn, torí pé láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé ìgbẹ́ sínú ilé Baálẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gba ẹ̀yìn ṣáláńgá àtijọ́ yẹn mọ́, kò sì sí ẹni tó máa lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Àṣé gbogbo àwọn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ti gbọ́. Ìyá Gil-su wọlé, ó ní ẹ̀yìn ṣáláńgá Baálẹ̀ ni ewé gosari tòun wà. Bàbá Bong tó ń sin oyin wọlé, ó ní ibẹ̀ náà ni. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ wọlé, àwa rò pé á bínú, ó na àyà, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ilẹ̀ òun lọ́ràá.

Ó wá ku ìbéèrè àìsàn. Ọmọbìnrin náà ka àìsàn sí mi létí títí, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, àìróorunsùn, mo ń mi orí. Ó dé orí orúnkún, mo ní orúnkún mi dà bíi ti ewúrẹ́. Àwọn tó kù náà sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá Bong tí kì í gbọ́ nǹkan mọ́, ó ní etí òun mú, ọmọbìnrin náà bi í lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó dáhùn. Ta ló máa sọ àìsàn rẹ̀ sínú ẹ̀rọ tí ọmọ ẹni máa kà? Kí ọmọ wá fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ó gbé ọkọ̀ wá, kí ó kó ènìyàn lọ sí ọsibítù ní ìlú, kí wọ́n sì fi ènìyàn sí orí bẹ́ẹ̀dì tí kò sí òkè lójú fèrèsé rẹ̀? A ò yà wèrè.

Bí alárinà yín ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ wa nìyẹn. Ó gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Ó jókòó sí Daejeon níbẹ̀, ó ṣírò, ó ní abúlé kan wà lẹ́sẹ̀ Òkè Maebong tí àìsàn kankan kò sí, àgbà ibẹ̀ kì í rọ lẹ́sẹ̀, gbogbo wọn sì ń jẹun láti ojú ilẹ̀ kékeré kan ṣoṣo.

Ìgbà náà lo pè mí. O bi mí, o ní Màmá, ṣé òótọ́ ni ohun tí ẹ sọ fún wọn. O ní ìwọ lo ní kí wọ́n wá sí abúlé wa, bí ọ̀rọ̀ náà kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìwọ ni wọ́n máa dá lẹ́bi, wọ́n á sì yọ ọ́ kúrò nídìí kọ̀ǹpútà náà. Mo ní òótọ́ ni. O bi mí nípa orúnkún. Mo ní kí o máa wo iṣẹ́ rẹ. O wá ní ó dára, Màmá, ẹ lọ sinmi. Mo rò pé o gbà mí gbọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo gbé oúnjẹ alẹ́ mi fún ajá lọ́jọ́ yẹn, torí pé iṣẹ́ tí o fi gbogbo ìgbà èwe rẹ kàwé sí ni mo mú lọ sẹ́yìn ṣáláńgá.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, gbohùngbohùn abúlé hó, Baálẹ̀ wúkọ́ sínú rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, ó ní kí gbogbo ará Solgol gbọ́ o, Dókítà Pyo ọ̀gá Hae-ran ń bọ̀ lọ́tùn-únla láti wá wo ilẹ̀ ìyanu tó wà lẹ́yìn, ó tún wúkọ́, lẹ́yìn ilé òun. Kí ó tó pa gbohùngbohùn ni gbogbo wa ti gbọ́ tó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun gbé, òun dáràn. Kò sí nǹkan tó ń hù lẹ́yìn ṣáláńgá yẹn àfi èsìsì.

A pé jọ sí gbọ̀ngàn. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ni wọ́n máa lé. Ìyá Gil-su ní ṣé òun lòun ní kí n parọ́ ni, mo ní ìwọ náà parọ́, ó ní irọ́ tìrẹ ló bí tèmi. Baálẹ̀ ló pàrọwà fún wa. Ó ní ohun tó wà nílẹ̀ báyìí ni pé kí irọ́ náà di òótọ́. Kí oníkálukú dìde ní ìdájí ọ̀la, kí ó gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ síbi tirẹ̀, kí ó hú ewé tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kí a wá gbìn ín sẹ́yìn ṣáláńgá. A ò gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ara wa, a ò gbọ́dọ̀ béèrè. Gbogbo wa gbà.

Mo gba ẹ̀yìn ilé wa lọ, mo sọdá odò, mo gun ibi olókùúta. Màá sọ òtítọ́ fún ọ, mo jókòó lọ́nà ju bí mo ṣe máa ń jókòó lọ. Nígbà tí mo dé ibi tí ìyá bàbá rẹ fi lé mi lọ́wọ́, ibi tí mo ti ń já ewé láti ìgbà tí o wà lẹ́yìn mi nínú ọ̀já, ta ni mo bá tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ tó ń fi ọkọ́ wú ewé mi? Ìyá Gil-su. Mo ní olè! Òun náà dìde, ó ní olè! Mo ní ó tẹ̀lé mi, ó ní báwo lòun ṣe tẹ̀lé ẹni tí òun ṣáájú. Ó ní ibi ìyá òun ni. Mo ní ibi ìyá ọkọ mi ni. A ti di aṣọ ara wa mú nígbà tí igbó mì lápá òkè, a rò pé ẹlẹ́dẹ̀ igbó ni, a sá sẹ́yìn igi kan ṣoṣo, a dì mọ́ ara wa, àfi bí Baálẹ̀ ṣe yọ jáde tòun tàpò. Bàbá Bong ti apá ìsàlẹ̀ gòkè wá, kò tilẹ̀ gbọ́ ariwo wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wú ewé níwájú wa kí ó tó gbójú sókè.

Ibì kan náà ni! Láti ọdún pípẹ́ wá, ibì kan náà ni gbogbo wa ń lọ, tá à ń gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tá à ń fi ewéko bo ipa ẹsẹ̀ wa. Nígbàkúùgbà tí mo bá bá ewé tí wọ́n ti já, mo máa ń bú àgbọ̀nrín. Ìyá Gil-su ní òun náà ń bú àgbọ̀nrín ni, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní àṣé ìwọ ni àgbọ̀nrín. Ẹ̀rín gbé wa ṣubú. Bàbá Bong ní ọtí ìrẹsì nínú ìgò, Baálẹ̀ ní ìrẹsì dídì, a jókòó yí ewé náà ká, a jẹun pọ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì fi ẹnu dárúkọ rí. A wá búra fún ara wa lọ́kọ̀ọ̀kan pé kò sí ẹni tó ní ibòmíràn mọ́. Gbogbo wọn búra. Èmi náà búra.

A kó ewé sọ̀kalẹ̀, a gbìn ín kí oòrùn tó mú. Hae-ran, mi ò mọ ohun tó ṣe wá. Ọwọ́ tó ti ń gbin ata láti kékeré, kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbin nǹkan kí ó jọ ti igbó. Nígbà tí a máa fi gbójú sókè, gomchwi ti tò lọ gbọnrangandan, gosari ti tò tẹ̀lé e. Baálẹ̀ rí i pé ilẹ̀ gbẹ, ó lọ gbé ọ̀rá dúdú tí a fi ń bo ebè ata wá, ó tẹ́ ẹ, ó lu ihò sí i, ó fa ewé jáde láti inú ihò, ó fi iyẹ̀pẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa. Kò sí ẹni tó rí àléébù kankan níbẹ̀. A tilẹ̀ yìn ín.

Dókítà Pyo dé lọ́jọ́ kejì. Ènìyàn pẹ̀lẹ́ ni, ó tẹrí ba kí wa, àwa náà tẹrí ba. A mú un lọ sẹ́yìn ṣáláńgá. Ó dúró. Ó wo ewé, ó wo ọ̀rá, ó tún wo ewé. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé ṣé bí ewé igbó ṣe máa ń hù ní Solgol nìyí. Mo ní Dókítà, ewé ibí mọ ìwà hù. Kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka tọ́ gomchwi kan, gomchwi náà sì wó lulẹ̀ pẹ́ẹ́, gbòǹgbò rẹ̀ yọ síta.

Mo rí i tó fa ẹ̀rọ pẹlẹbẹ yọ, mo ní ó parí, orúkọ ọmọ mi ló fẹ́ pa rẹ́ yìí. Ẹ̀rù bà mí ju bó ṣe bà mí lọ́jọ́ tí mo bí ọ. Mo bọ́ síwájú rẹ̀, mo ní Dókítà, ẹ má bá ọmọ mi wí, kò mọ nǹkan kan, èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ irọ́ náà, àwọn tó kù kàn ń tẹ̀lé mi ni. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, orúnkún kọ̀, mo di ògiri ṣáláńgá mú, orúnkún náà sì ró tó bẹ́ẹ̀ tí ajá fi gbó.

Ọ̀gá rẹ wá rẹ́rìn-ín. Ó ní Màmá, ẹ jókòó, ó fa àga fún mi fúnra rẹ̀, ó sì ka ohun tí o kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ abúlé wa nínú kọ̀ǹpútà, lọ́jọ́ tí o pè mí gan-an. O kọ ọ́ pé kí wọ́n má gba ibi tí àwọn ará Solgol sọ gbọ́, nítorí pé kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ níbẹ̀ kí ó tó kú. Pé kí wọ́n má sì gba ọ̀rọ̀ orúnkún obìnrin àkọ́kọ́ gbọ́. Ìyá mi ni, o ní. O ní, mo máa ń gbọ́ bí orúnkún rẹ̀ ṣe ń ró nígbà tó bá ń jókòó láti bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Mi ò mọ̀ pé fóònù máa ń gbé ìyẹn lọ. Mo rò pé ohùn nìkan ló ń gbé.

Ọ̀gá rẹ ní ẹni tó lè kọ̀ láti gba ìyá rẹ̀ gbọ́, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ènìyàn fi kọ̀ǹpútà lé lọ́wọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ìyìn ni tàbí èébú, ṣùgbọ́n bàbá rẹ tó dúró lẹ́yìn ń rẹ́rìn-ín, mo rí eyín tí kò pé. Dókítà ní òun wá torí pé òun fẹ́ fojú ara òun rí àwọn ènìyàn tí o kọ̀wé nípa wọn. Ó wá ní kọ̀ǹpútà kò tilẹ̀ béèrè òkúta tàbí igi wa, ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá òkè ni ewé náà wà tàbí ẹ̀bá omi, abẹ́ ìbòòji tàbí inú oòrùn. Ìyá Gil-su jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní kí wọ́n wo òun, òun fi ibi kan pamọ́ fún ọkọ òun títí ó fi kú, òun wá lọ fi í han Baálẹ̀ lásán.

Nígbà tí wọ́n tún bi wá ní àìsàn, ìwọ ì bá wà níbẹ̀! Kò sí ẹni tó fẹ́ gbẹ́yìn. Ìyá Gil-su ní ẹ̀jẹ̀ ríru, Baálẹ̀ ní òun náà ní in, tòun tilẹ̀ pẹ́ ju tirẹ̀ lọ. Bàbá Bong kó àìsàn sílẹ̀ bí ẹni ń tú àpò, a ní kí ó fi díẹ̀ sílẹ̀ fún àwa tó kù. Mo bi Dókítà ewé wo ni alárinà náà ní fún orúnkún, ó ní òun ò ní parọ́ fún mi, kò tíì rí ewé kankan tó ń wo orúnkún ẹni tó ń ru àpò sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, kí n lọ sí ọsibítù. Ṣùgbọ́n ó ní báyìí tí a ti sọ òótọ́, kọ̀ǹpútà á lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. A fi gomchwi di ìrẹsì fún un, ó jẹ, ó tún bu, ó tún bu. Iṣẹ́ rẹ dúró digbí. Jẹun kí o sùn.

Ó wá ku ti èmi àti ìwọ. Orúnkún mi ń dùn mí, Hae-ran. Ti òsì burú ju ti ọ̀tún lọ, ó sì máa ń dùn mí jù ní òwúrọ̀. Mo ti sọ ọ́ báyìí, má pariwo. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi wọ ọkọ̀ lọ sí ọsibítù, kí n ra pílásítà tó máa ń gbóná, kí n sì san owó ọ̀rá dúdú, torí pé Baálẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ọmọ mi ni ọ̀rá òun fi ya. Fi sínú báǹkì, sọ fún ọmọ tó ń kí mi yẹn pé tèmi ni.

Kí òjò ńlá tó bẹ̀rẹ̀, kí ewé tó le, gba ìsinmi kí o wá. Mo ní mo búra, àbí? Kí wọ́n dárí jì mí. Ibì kan ṣì wà, ó ga ju ibi tí gbogbo wa pàdé lọ, èmi ni mo rí i fúnra mi, kò sí ẹni tó fi lé mi lọ́wọ́. Àní bàbá rẹ kò mọ̀ ọ́n. Mi ò tíì ń kú o, má jẹ́ kí àyà rẹ já, má sì jẹ́ kí Ìyá Gil-su rí ọ bí o bá ń kọjá. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ dùbúlẹ̀ kí n máa fi ẹnu da ọ̀tún pọ̀ mọ́ òsì fún ọ. Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ mú ọ débẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì wà. A ó máa jókòó lọ́nà, nígbàkúùgbà tó bá wù mí, ìwọ ni wàá gbé àpò.

Kí ọ̀run bo àṣírí rẹ, kí ìrẹsì má wọ́n ọ, kí ohun tí o bá sọ lọ́sàn-án má dójú tì ọ́ lálẹ́. Sun lẹ́tà yìí níná. Bí o bá sì dé ẹsẹ̀ òkè, fi fóònù sílẹ̀ sínú ọkọ̀.

Èmi ni,
Ìyá Hae-ran.